Èsì Àyẹ̀wò Ẹnu Ràhámọ̀tù

Agboolé Ọládépò,
Ìwó,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1997.

Humairah, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kí ó wà pẹ̀lú rẹ níbi iṣẹ́ àti nínú ilé. Mo ní ìrètí pé ara rẹ le, pé ojú tí o fi ń wo nǹkan tín-ín-tín láti àárọ̀ dalẹ́ kò dùn ọ́. Èmi náà wà láàyè. Kí n tó sọ̀rọ̀ mìíràn, jẹ́ kí n sọ èyí tí ó yẹ kí n ti sọ láti ọdún mẹ́tàlélógún sẹ́yìn: èsì àyẹ̀wò ẹnu ìyá rẹ jáde. Ó jáde ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, ọdún 1974. Èmi ni wọ́n fi lé lọ́wọ́, mo sì fi pamọ́. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń sọ fún ìyá rẹ pé kò tíì jáde, ọwọ́ mi ni ó wà.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ìparí oṣù kẹsàn-án. Agnes, nọ́ọ̀sì tí ó ń gbé ilé tó dojú kọ tiwa, ni ó mú un wá láti Ìbàdàn. O kọ ọ́ bí ẹni ń kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì: "Sí Alàgbà I. Ọládépò, ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò ẹran ara tẹ́lẹ̀." O kò pè mí ní Bàbá Ìbàdàn bí o ti máa ń pè mí ní kékeré, n kò sì dá ọ lẹ́bi. O ní ẹ ń kó àwọn ègé ẹran ẹnu àtijọ́ jọ, ti àwọn tí funfun yọ sí lẹ́nu ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, kí ẹ lè mọ ohun tó ya èyí tó di jẹjẹrẹ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò dà á. O ní mọ́kànlélọ́gọ́ta ni ó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀, ọgọ́ta ni ẹ rí nínú àpótí. O bi mí bóyá mo rántí ibi tí ẹyọ kan tó kù lè wà, nọ́ńbà 417. O kò kọ orúkọ ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n orúkọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà nínú ìwé yẹn, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́: Ràhámọ̀tù Mikail, obìnrin, ọdún méjìdínlógójì, Ìwó. Mo mọ̀ pé o ti rí i kí o tó gbé bírò.

Ìgbà mẹ́rin ni mo ka àlàyé tí o ṣe nípa iṣẹ́ yín. Nígbà tiwa, ohun tí ojú bá rí nínú maikirosíkóòpù ni gbogbo ohun tí a mọ̀. A ó fi ẹran náà sínú ìda, a ó gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ju awọ àlùbọ́sà lọ, a ó tẹ́ ẹ sórí dígí, a ó rẹ ẹ́ láró, dókítà á wá wò ó bóyá àwọn sẹ́ẹ̀lì tò bó ṣe yẹ. Ẹ̀yin ti wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ. O kọ ọ́ pé nínú ohun àjogúnbá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, èyí tí ẹ ń pè ní jíìnì, ọ̀kan wà tó dà bí aṣọ́bodè: bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì, òun ni ó ń dá a dúró kó má baà máa bí sí i. O ní purotéènì tí jíìnì yìí ń ṣe, tí ẹ ń pè ní p53, kì í pẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ dá, ṣùgbọ́n bí jíìnì náà bá bàjẹ́, purotéènì náà á kó jọ síbẹ̀, kò ní lọ mọ́. Ẹ ó wá se ègé náà nínú omi gbígbóná, ẹ ó fi oògùn kan wá a kàn, ibi tó bá sá pamọ́ sí á yọ búráùn bí àbàwọ́n obì. O ní ẹ tún ń wá àwọn ibi tó já sọnù lára okùn tí àwọn jíìnì tò sí. O sì fi òtítọ́ inú sọ pé kò tíì sí ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé funfun ẹnu báyìí ni yóò di jẹjẹrẹ. Inú mi dùn sí gbólóhùn yẹn. Àwa àgbà iṣẹ́ mọ iyì ẹni tó bá lè sọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ mọ.

Bàbá rẹ, ẹ̀gbọ́n mi Mikail, di olóògbé ní ọdún 1972. Ìyá rẹ kì í pe orúkọ mi, nítorí ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé; Akọ̀wé ni ó sọ mí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1974, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu, ó sọ fún mi pé nǹkan funfun kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ahọ́n òun lọ́tùn-ún, pé òun ti fi aṣọ nù ún, òun ti fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, kò lọ. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ni ó máa ń ti áásà, tábà lílọ̀, sí láti ìgbà tó ti bí ọ. Èmi ni mo mú un lọ sí Ìbàdàn. Dókítà gé díẹ̀ níbẹ̀, èmi fúnra mi ni mo sì fi ìda bò ó tí mo gé e sórí dígí.

Ní ayé ìgbà yẹn, bí èsì ẹni tó wá láti ìlú mìíràn bá jáde, a kì í fi ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́, nítorí lẹ́tà a máa sùn lọ́nà. Òṣìṣẹ́ tó bá jẹ́ ará ìlú onítọ̀hún ni wọ́n máa ń fi í lé lọ́wọ́, kó mú un lọ sílé ní Sátidé. Ọ̀pọ̀ èsì ará Ìwó, ará Kuta àti ará Ilé-Ogbó ni ó gba ọwọ́ mi kọjá bẹ́ẹ̀. A kì í sì í sọ ọ́ fún aláìsàn ní tààrà. Àgbà ilé rẹ̀ ni à ń kọ́kọ́ bá sọ ọ́. Dókítà na ti ìyá rẹ sí mi, ó ní, "Ismaeel, ará ilé rẹ ni. Kì í ṣe jẹjẹrẹ o, ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn ti ń kúrò ní ìlà. Kí ó padà wá kí a gé gbogbo rẹ̀ kúrò, kí ó sì jáwọ́ nínú áásà. Má jẹ́ kí ó pẹ́."

Ohun tó dá mi dúró ni oko kòkó tó wà lọ́nà Kuta. Ìyá rẹ ní bàbá rẹ ti fún ẹ̀yin ọmọ ní apá kan níbẹ̀ kí wọ́n tó kú, láti ojú ọ̀nà títí dé odò. Èmi ní irọ́ ni, pé oko ẹbí ni gbogbo rẹ̀, àwa àbúrò ni ó kàn. Baálé ilé wa ti dá ọjọ́ tí a ó jókòó lé e. Mo rò ó nínú ara mi pé bí mo bá mú èsì yìí fún Baálé kí ọjọ́ náà tó pé, àánú opó aláìsàn á ṣe wọ́n, wọn á ní kí a fi oko sílẹ̀ fún un. Mo ní kí ìjókòó kọjá ná. N kò gbèrò ikú sí i. Mo kàn fẹ́ jàre ẹjọ́ ni.

A jókòó ní Jímọ̀, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò lójú mọ́, ìyá rẹ ní kí wọ́n gbé Kùránì wá. Ó ṣe àlùwàlá, ó gbé ọwọ́ lé e, ó ní bí òun bá purọ́ mọ́ ọkọ òun tó ti kú, kí Ọlọ́hun fi hàn lára òun. Baálé ní ó tó, kí oko di tirẹ̀. Inú bí mi débi pé n kò mú èsì náà jáde lọ́jọ́ yẹn, n kò sì mú un jáde ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Nígbàkígbà tí mo bá wálé, ìyá rẹ á kúnlẹ̀ gbé omi fún mi, á ní, "Akọ̀wé mi, ṣé wọn ò tíì rí nǹkan kan sọ nípa ẹnu mi?" Èmi á ní, "Èsì kò tíì jáde." Mo sọ ọ́ títí ó fi rọrùn fún mi láti sọ.

Kí ọdún náà tó parí, funfun ti di egbò, ahọ́n rẹ̀ ti wúwo. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Sàrátù, ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn ní ẹ̀yìnkùlé: "Ẹnu tó fi búra náà kọ́ yìí? Kùránì ti mú un." Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́. Wọ́n ya kọ́ọ̀bù rẹ̀ sọ́tọ̀. Wọn kò jẹ́ kí ó bu omi nínú àmù ilé mọ́. Ilé tún jókòó, wọ́n ní Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ ti dá ẹjọ́ náà, wọ́n gba oko lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fi fún mi. Mo gbà á. Mo mọ̀ pé ọjọ́ márùndínlọ́gbọ̀n kí ó tó fọwọ́ kan Kùránì ni dókítà ti kọ àrùn yẹn sórí ìwé. Mo jókòó láàárín wọn, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Èyí tí mo fẹ́ sọ báyìí ni ó burú jù. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Lọ́jọ́ kan ní ọdún 1975, mo bá ìyá rẹ ní yàrá, ó jókòó, ó kọjú sí ògiri. Ó ti ṣòro láti gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó ní, "Akọ̀wé mi, ẹ bá mi rò ó, ẹ̀yin ni ẹ kàwé. Ṣé kì í ṣe pé mo ṣi ààlà yẹn pè nínú ìbúra? Bóyá ìdí ọ̀pẹ ni bàbá wọn ní kó mọ, tí mo ní odò. Torí n kò mọ ibòmíràn tí mo ti ṣẹ̀." Humairah, ẹ̀gbọ́n mi Mikail ti fi ẹnu ara wọn sọ fún mi ní ọdún tó ṣáájú ikú wọn pé títí dé odò ni àwọn fún ẹ̀yin ọmọ. Mo mọ̀ pé òtítọ́ ni ìyá rẹ búra. Mo sì mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀. Mo wo obìnrin náà lójú, mo ní, "Ọlọ́hun nìkan ló mọ̀."

Ó mi orí. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti gbà kí ẹnikẹ́ni mú òun lọ sí ilé ìwòsàn mọ́. Ó ní a kì í gbé ẹjọ́ Ọlọ́hun lọ bá dókítà. Ó kú ní oṣù kejì ọdún 1976. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ọ́ nígbà tí àbúrò ìyá rẹ wá mú ọ lọ. Àwọn ọmọ ilé ti ń pè ọ́ ní ọmọ ẹni tí Kùránì mú. O yíjú wò mí láti inú mọ́tò, n kò lè juwọ́ sí ọ.

Ní ọdún yẹn kan náà, dókítà tuntun kan ní kí a kó gbogbo ìda ẹnu jáde, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fi kọ́ṣẹ́. Ẹ̀rù bà mí pé ẹnìkan lè béèrè ta ni ó gba èsì nọ́ńbà 417, àti ohun tí ó fi ṣe. Mo yọ ọ́ kúrò nínú àpótí pẹ̀lú dígí rẹ̀ méjèèjì, mo gbé e wálé sínú agolo bisikíìtì kan, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ẹni tó béèrè títí ìwọ fi béèrè.

Ọdún kejìlá nìyí tí mo ti fẹ̀yìn tì. Sodiqat ìyàwó mi lọ bá wa tọ́jú ọmọ-ọmọ ní Òṣogbo, ó sì jókòó síbẹ̀. Àwọn ọmọ a máa wá nígbà iléyá. Kí oòrùn tó rọ̀, wọ́n ti padà. N ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, n ó máa gbọ́ ọ̀kadà tó ń lọ tó ń bọ̀. Bí ọ̀kan bá dín eré kù, n ó gbé ojú sókè, á tún kọjá. Láràárọ̀, n ó gbé dígí lọ sí ojú fèrèsé, n ó la ẹnu, n ó fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò: ahọ́n, ẹ̀rẹ̀kẹ́, abẹ́ ahọ́n. Àṣà iṣẹ́ ni. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ẹnu mi mọ́ bí ti ọmọ ọwọ́. Ẹnu tó purọ́ nìyẹn.

Odindi ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi gbé lẹ́tà rẹ kiri nínú ilé kí n tó lè ṣe ohun tó yẹ. Ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun, mo bẹ Abdulquadri, tí ó jẹ́ Baálé wa báyìí, kí ó pe ilé jọ. Mo dìde, mo ka èsì náà fún wọn ní Yorùbá. Mo ka ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, mo ní kí Abdulquadri fúnra rẹ̀ ka ọjọ́ ìbúra láti inú ìwé ilé, níbi tí a ti ń kọ ìjókòó sílẹ̀. Mo sì sọ ohun tí bàbá rẹ bá mi sọ nípa oko. Ẹnìkan lẹ́yìn ní kí n jókòó jàre, pé òkú ọ̀rọ̀ ni, ta ní ń hú òkú.

Ẹ̀gbọ́n mi Sàrátù ni wọ́n dá a lóhùn. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọn kì í sábà sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n ní, "Òkú wo? Èmi tí mo ya kọ́ọ̀bù rẹ̀ sọ́tọ̀ kò tíì kú. Mo gbé e fún un, ó kúnlẹ̀ gbà á, ó tún ní mo ṣeun." Wọ́n wá kọjú sí mi. "Ismaeel, ọdún mẹ́tàlélógún. Báwo ni òkèlè ṣe ń gba ọ̀fun rẹ kọjá?" Kò sí ẹni tó bú mi lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wá bàtà wọn, kò sí ẹni tó kí mi pé ó dàbọ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó máa ń gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún mi láti ọ̀dọ̀ wọn kò yà mọ́. Mo ń se tèmi.

Abdulquadri ti kọ ọ́ sínú ìwé ilé pé láti ojú ọ̀nà títí dé odò, ti àwọn ọmọ Ràhámọ̀tù ni. Áfáà àdúgbò dìde lẹ́yìn ìrun àsárì lọ́jọ́ kejì, wọ́n kéde pé òtítọ́ ni obìnrin náà búra, pé àìsàn ni ó pa á, kí gbogbo ẹni tó bá sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa tọrọ àforíjìn. N kò lè sọ pé ìyẹn kárí. Àwọn tó sọ ọ́ jù ti wà nínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá tún fẹ́ wọ Ìwó, kò sí ẹni tí yóò lè yọ ṣùtì sí ọ mọ́.

Mo mọ̀ pé o lè fẹ́ bi mí bóyá ìyá rẹ ì bá yè ká ní mo jíṣẹ́ tí wọ́n rán mi. N kò mọ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo funfun ẹnu ló ń di jẹjẹrẹ, àti pé òmíràn wà tí a gé tó tún padà wá. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, ìyẹn ni mo fi ń tu ara mi nínú. Ó ti sú mi. Yálà ì bá yè, yálà kò ní yè, kò yẹ kí ó kú pẹ̀lú èrò pé òun ni òun ṣẹ Ọlọ́hun. Èmi ni mo lè bá a yọ èrò yẹn kúrò pẹ̀lú gbólóhùn kan, n kò yọ ọ́. Bí ẹ bá fi oògùn yín wá purotéènì yẹn, tí búráùn sì yọ nínú ègé náà, á jẹ́ pé jíìnì aṣọ́bodè ti bàjẹ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ oko tó dé iwájú Baálé rárá. Bí kò bá yọ, ọjọ́ tó wà lórí ìwé kò yí padà.

Mo fẹ́ mú un wá fúnra mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé gáréèjì, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo yí padà. N kò mọ ojú tí n ó fi wò ọ́. Nítorí náà, Agnes ni yóò fi agolo bisikíìtì náà lé ọ lọ́wọ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Inú rẹ̀ ni èsì wà, dókítà fọwọ́ sí i, pẹ̀lú dígí méjì àti ìda nọ́ńbà 417. Ilé ìwòsàn lè ní àwọn ló ni ín. Lójú tèmi, ìwọ ni. Bí o bá fẹ́ kí ó wà pẹ̀lú ọgọ́ta yòókù, bẹ́ẹ̀ ni. Bí o bá sì fẹ́ kí a sin ín pẹ̀lú ìyókù ara rẹ̀, ojú ibojì náà mọ́; ẹ̀gbọ́n mi Sàrátù ti ní kí wọ́n ro ibẹ̀. N kò ní kí o dá èsì lẹ́tà yìí padà.

Kí Ọlọ́hun mú ọwọ́ rẹ dúró lórí iṣẹ́, kí ojú rẹ má ṣe ṣókùnkùn. Kí àwọn tí ẹ bá rí àmì lẹ́nu wọn tètè gbọ́, kí wọ́n sì gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tó fẹ́ kí wọ́n yè. Kí Ó má ṣe fi irú mi ṣe ẹni tí ìwọ yóò rán níṣẹ́ láé. Kí Ó tẹ́ ìyá rẹ sí afẹ́fẹ́ rere.

Èmi ni àbúrò bàbá rẹ,
Ismaeel Ọládépò.

Àfikún: Ẹran tó wà nínú ìda náà kò ju ìdajì hóró ìrẹsì lọ, má ṣe jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gé e. Ìda náà ti gbó, ó lè sán. Gbé e sórí yìnyín díẹ̀ kí abẹ tó kàn án. Mo fi bírò bulu fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ kan: ẹ̀gbẹ́ yẹn ni òde ahọ́n rẹ̀. Bí ọwọ́ bá rọ̀, nǹkan bí ogójì ègé ṣì lè jáde níbẹ̀.